Ìgbàgbọ́ Ni Yóò Sè É

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹnu dùn ún ròfọ́? Ẹ ń mi orí, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yín nígbà tí ẹ bá ní ẹ ó kọ́ ilé alájà mẹ́rin, ẹ ó sì ra mọ́tò fún gbogbo ẹbí. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ibi tó ti wá fún yín. Tí oníwàásù bá wà láàárín yín, kó má bínú sí mi. Jósáyà ni kó bínú sí.

Jósáyà ni ajíhìnrere ìjọ Àgọ́-Ìrókò láyé ìgbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri abúlé. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá ń wàásù ọ̀run àpáàdì, àwọn ènìyàn á máa wá abẹ̀bẹ̀. Tó bá ń sọ ti ọ̀run rere, á máa ṣe àwọn arúgbó bíi kí wọ́n kú lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ti ìgbàgbọ́ ló dùn mọ́ ọn jù. Ó ní ìgbàgbọ́ nìkan ló ń gbani là, pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ yẹn kò burú o, èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó burú ni pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá délẹ̀ nìkan ni Jósáyà máa ń rántí rẹ̀. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé opó kan, tí àwọn ọkùnrin ìjọ gun òkè lọ bò ó, ìsàlẹ̀ ni Jósáyà dúró sí, ó ń gbàdúrà kí àkàbà má yẹ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ tán, ó ní àdúrà òun ló gbé wọn dúró. Ọ̀lẹ paraku! Ó kàn fi aṣọ funfun bo ọ̀lẹ ọ̀hún mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó kó bá a. Ní Àgọ́-Ìrókò, àwọn obìnrin a máa gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ti oko rìn wá, tí wọ́n á tún rìn padà. Tí ìwàásù bá ti gùn, obìnrin kan á yọ́ jáde lọ ro ọbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti wọlé, òmíràn á jáde. Bí wọ́n bá sì ti ṣí ìkòkò báyìí, òórùn irú á gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo ìjọ á kọ ojú sí fèrèsé. Èyí ń dun Jósáyà wọra. Òun ń sọ nípa ìgbàlà, wọ́n ń gbọ́ òórùn irú!

Ìgbà náà ni ìwé dé pé Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, láti wá wò ó bóyá Jósáyà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé lórí kó di àlùfáà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí rẹ̀. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di àlùfáà, òun nìkan ló kù. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí ohun ńlá kan fi han Bíṣọ́ọ̀bù. Ó gun orí àga ìwàásù, ó ṣí Bíbélì síbi ìtàn Màtá àti Màríà, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá pákó iwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin Màtá!" Ó lọgun. "Màríà jókòó síbi ẹsẹ̀ Olúwa, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyè. Kí ni Màtá ń ṣe? Ó ń ro ọbẹ̀! Ìkòkò yín ti di òrìṣà yín! Ẹ ronú pìwà dà!"

Ó pè wọ́n síwájú. Dèbórà, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ dìde, nítorí ojú ti ìyẹn. Gbogbo obìnrin tó kù tẹ̀ lé e pẹ̀lú omijé. Jósáyà mú kí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé títí Bíṣọ́ọ̀bù yóò fi wá tí yóò fi padà, ọwọ́ wọn kò ní kan ìkòkò, wọn ó máa jókòó síbi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni bíi Màríà. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù pé ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìrókò, pé àwọn obìnrin ti kọ ìdáná sílẹ̀ nítorí Jésù.

Ìyá Ìjọ, ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, nu ojú rẹ̀, ó bi í léèrè.

"Bàbá Ajíhìnrere, ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù máa wá wà nínú ẹ̀jẹ́ yìí o. Ta ni yóò wá se oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ?"

"Ìyá Ìjọ," Jósáyà ní, ó sì gbójú sókè ọ̀run, "ìgbàgbọ́ ni yóò sè é."

Gbogbo ìjọ ní àmín. Wọn ò rò ó kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé Bíṣọ́ọ̀bù yẹn kì í fi ẹ̀fọ́ ṣeré. Ilé oníwàásù fúnra rẹ̀ ló ti máa ń jẹun níbikíbi tó bá lọ, ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú àlejò kan ṣoṣo kò lè tọ́jú ìjọ. Bẹ́ẹ̀ iyán àti ẹ̀fọ́ nìkan ló ń jẹ. Jósáyà mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, ó ní ṣebí ìyàwó òun ni Dèbórà, tó bá di ọjọ́ náà yóò mọ ohun tó máa ṣe.

Ọjọ́ Ajé, àwọn ọkọ rò pé àwàdà ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mu gààrí. Ọjọ́rú, wọ́n tún mu gààrí, ọkùnrin kan sì sun iṣu títí ó fi di èédú. Bàbá Ẹ́sírà, àgbà ìjọ, kó wọn lẹ́yìn wá sọ́dọ̀ Jósáyà.

"Ajíhìnrere, ebi ń pa wá."

"Ẹ ní ìgbàgbọ́, Bàbá."

"Mo ní in. Òun ni mo fi ń mu gààrí."

Jósáyà ní kí wọ́n má ṣe ráhùn. Ó ní kí àwọn ọkùnrin gún iyán Bíṣọ́ọ̀bù tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n fi ti ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún òun. Kò jẹ́ sọ fún wọn pé ebi ń pa òun náà, pé òun ti di bẹ́líìtì òun dé ihò tó kẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìjọ wá bá a. Ìyá yìí fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ kí ojú tì í.

"Ọmọ mi, kò tíì bàjẹ́. Ẹ kàn dìde nínú ìpàdé ìrọ̀lẹ́ yìí, kí ẹ ní, 'Mo ti sọ àsọdùn, ẹ dárí jì mí, ẹ̀jẹ́ yẹn ti kúrò lọ́rùn yín.' Kíá la ó dáná."

"Èmi? Kí èmi ronú pìwà dà lójú àwọn tí mo pè wá ronú pìwà dà?"

"Ṣé ó burú ni?"

"Ó dára fún ẹlẹ́ṣẹ̀, Ìyá Ìjọ."

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ìrònúpìwàdà tó ti ń pín fún gbogbo ìlú láti ọdún mọ́kànlá, òun fúnra rẹ̀ kò lè tọ́ ọ wò. Ìyá Ìjọ gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Jósáyà kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Títù, dákun. Ẹ̀fọ́ kékeré báyìí."

"Bàbá Títù, orúkọ ta ló ṣáájú nínú ìwé yín?"

"Orúkọ tìrẹ ni."

"Ṣé kí n wá parọ́ fún Ọlọ́run nítorí ẹ̀fọ́?" Dèbórà gbé Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n nínú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú.

Bíṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú àlùfáà méjì, eruku bò wọ́n, ebi ti lù wọ́n bolẹ̀. Jósáyà wàásù ìgbàgbọ́ lọ́jọ́ náà, ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù fi ń mi orí. Ìsìn parí, wọ́n wọ ilé Jósáyà. Àwọn ọkùnrin gbé iyán wá, kókó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyán ni. Abọ́ tánńganran tí Jósáyà dé pa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n jókòó pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn.

Bíṣọ́ọ̀bù fọ ọwọ́. "Jósáyà, irú ẹ̀fọ́ wo ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ló ti yẹ kí ọkùnrin jẹ́wọ́. Jósáyà húkọ́.

"Olúwa mi, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Etí odò ni wọ́n ti já a, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣà á, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò ní rí iyanrìn kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù."

"Ó ṣeun," ni Bíṣọ́ọ̀bù wí.

"Epo tuntun ló wà lórí iná. Ata rodo bọ́ sí i, ó ń ta ṣàà. Wọ́n da irú sí i. Ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò léyín lè jẹ ẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà gbé itọ́ mì, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Èkejì ti bu òkèlè iyán, ó mú un dání. Jósáyà ń sọ ọ́ lọ, ó ń fi igun ojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá Dèbórà yóò yọ pẹ̀lú ìkòkò. Kò yọ. Ó tún fi ẹ̀gúsí sí ẹ̀fọ́ náà. Ó fi edé sí i. Ó fi ìgbín sí i. Òógùn bo ojú rẹ̀. Iyán tutù.

"Ó tó, Jósáyà!" Bíṣọ́ọ̀bù kígbe. "O fẹ́ fi òórùn rẹ̀ pa mí ni?" Ó na ọwọ́, ó ṣí abọ́ náà.

Abọ́ mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù wo abọ́, ó wo Jósáyà. Ó bọ́ sí àgbàlá, ó bi àwọn obìnrin léèrè, Ìyá Ìjọ sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí Màtá dé orí gààrí. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú padà.

"Jósáyà, ẹnu rẹ mà dùn ún ròfọ́ o!"

Bíṣọ́ọ̀bù bọ́ aṣọ oyè rẹ̀, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò ní ba ẹ̀jẹ́ obìnrin kankan jẹ́. Ó lọ já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ iná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn àlùfáà méjèèjì gún ata. Nígbà tó jinná, ó kọ́kọ́ bù ú fún àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà fún àwọn ọkùnrin. Jósáyà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í nípa oyè àlùfáà.

"Ọwọ́ tí mo fẹ́ gbé lé ọ lórí," Bíṣọ́ọ̀bù ní, "mo ti fi ro ẹ̀fọ́." Ó fi ìka nu abọ́ rẹ̀ lá, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Jósáyà wá gbé àwo òfìfo lọ bá Ìyá Ìjọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Ìjọ, mo ti ronú pìwà dà."

"Ẹ tún ti ń fi ẹnu sọ ọ́, Bàbá Ajíhìnrere." Ìyá náà nawọ́ sí ìkòkò ńlá tó jó nídìí, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù fi se ẹ̀fọ́. "Ẹ fọ èyí ná."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Àgọ́-Ìrókò ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan, yálà ó wọ aṣọ funfun tàbí kò wọ̀ ọ́: ẹnu dùn ún ròfọ́.