Ta Ló Wà Nínú Ìkòkò?

Orí Matilda ń gbóná lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìdímù, níbi tó ti ń ta ìkòkò dídán. Hamdalah, oníbàárà ẹ̀ ní Igando, ti ní tóun ò bá rí fọ́tò ìkòkò kan tó dáa kílẹ̀ tó ṣú, ọjà Ìkòtún lòun ń lọ. Bùọ̀dá Ebenezer, ọ̀gá amọ-gbogbo-nǹkan àdúgbò, ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, bùọ̀dá. Ẹ bá mi wo fọ́tò yìí jàre."

Ebenezer gbé fóònù súnmọ́jú. "Ìkòkò yìí mà dé nẹ́ẹ̀tì sórí."

"Èmi nìyẹn."

"Ó tún ń rún pákò."

"Èmi náà nìyẹn! Ó ń dán bíi dígí, bí mo ṣe ń yà á ni mo ń bọ́ sínú ẹ̀."

"Ìmọ́lẹ̀ ni ò tó. Tan iná fóònù sí i."

Matilda tanná, ó yà á. Ìkòkò pòórá, iná nìkan ló ń kọ yànrànyànràn.

"Bùọ̀dá, ìkòkò ni mò ń tà o, n ò ta oòrùn!"

"Dídán ẹ̀ ló pọ̀ jù. Páódà dà?"

Kí Matilda tó lanu, Ebenezer ti mú páódà ẹ̀ lórí tábìlì, ó fi pa ìkòkò lára yíká.

"Yéè! Ìkòkò tí mo nù látàárọ̀! Làpálàpá ti mú un!"

"Kò sáà dán mọ́."

"Ta ló ń ra èyí tí kò dán?"

Inú bí i, ó fa etí sùtánà Ebenezer, ó fi ń nu ìkòkò.

"Aṣọ àdúrà mi!" Ebenezer na apá méjèèjì, sùtánà fẹ̀ gbàgàdà.

Matilda wo ìkòkò. Kò rí nẹ́ẹ̀tì, kò rí gọ́tà ẹ̀yìn ẹ̀. Àwòrán sùtánà ló bo gbogbo ara ìkòkò, funfun nini.

"Ẹ má mira!" Ó sáré bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ó ti fóònù gba abẹ́ abíyá ẹ̀.

"Ó ń rín mi!"

"Ẹ fara dà á, ṣèbí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣá, mo kàn ń dán ẹ wò ni."

Ó yà á, ó fi ránṣẹ́ sí Hamdalah. Èsì dé kíá. Matilda kà á, ó wá wo Ebenezer látorí délẹ̀.

"Ṣó máa rà á?"

"Ó máa rà á. Ó ní màláíkà tó na apá nínú ẹ̀ wu òun gan-an, pé tí kò bá bá a wá, òun ò gbà á."

"Háà! Báwo la ṣe máa wá ṣe é?"

Matilda ṣí ìdérí ìkòkò. "Bùọ̀dá, ẹ ká ẹsẹ̀ kò, ẹ wọlé. Igando là ń lọ."