Ìyàwó Bàbá Ọlọ́dà àti Obìnrin Inú Ìwé

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá. Ìfẹ́ ló dá a sílẹ̀, ìwé ló sì ta epo sí i.

Bàbá Ọlọ́dà, tó ń fi ilé kíkùn jẹun, ló pe ẹjọ́. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn náà ló ń bú u láràárọ̀.

"Kábíyèsí, òǹkọ̀wé yìí ló tú ilé mi ká! Ó kọ ìtàn bí mo ṣe sá kúrò lẹ́wọ̀n nígbà ọ̀dọ́ mi, ó pè é ní ìtàn òdodo. Ó ní obìnrin kan tó ní èjí ń kọrin lẹ́yìn odi, ni mo bá fi aṣọ ìbùsùn ṣe okùn, mo gun odi, mo fò mọ́ ọn láyà."

"O ò ṣe bẹ́ẹ̀?" Kábíyèsí bi í.

"Èmi tí òkè ń bà lẹ́rù! Ẹ̀yìn odi ọgbà ẹ̀wọ̀n, lóde, ni wọ́n ní kí n lọ kùn. Kí n tó kùn ún tán, wọ́n ti ti géètì mọ́ mi síta. Mo kan ilẹ̀kùn títí, ọwọ́ mi bó. Wọn ò ṣí i, ni mo bá lọ."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń jábọ́. Òǹkọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ta ni yóò ra ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń bẹ̀bẹ̀ kó lè wọlé? Òdodo ni mo kọ. Mo kàn fi ìfẹ́ sí i, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni."

"Iyọ̀ ọ̀hún ti pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ," olóyè kan dá sí i.

"Wọ́dà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ fún mi!"

Wọ́n pe wọ́dà. Arúgbó náà kí Kábíyèsí bíi sójà.

"Mo rí i lórí odi! Mo yìnbọn, gbò! gbò! Mo lé e títí ilẹ̀ fi mọ́."

"O ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn?" Kábíyèsí bi í.

"Mo gbọ́ kẹ̀! Mo rò pé àlejò ni. Mo pariwo látorí bẹ́ǹṣì pé àsìkò àbẹ̀wò ti kọjá."

Ààfin dàrú. Ìyàwó Bàbá Ọlọ́dà dìde.

"Ẹ fi wọ́dà sílẹ̀. Ẹ bi ọkọ mi, níbo ló gbà lọ? Ta ni eléèjí yẹn? Ẹ wo eyín mi, ó dí gbágbá! Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni mí nígbà náà, mi ò sì fojú kàn án!"

Bàbá Ọlọ́dà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìtìjú ni ò jẹ́ kó sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Abẹ́ fèrèsé yín ni mo lọ. Mo fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn mi. Mo wà níbẹ̀ di àárọ̀, mo tún padà lọ kan ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi."

"Ẹ̀yin lẹ hanrun lábẹ́ fèrèsé yẹn? Màmá mi ní màlúù ni!"

Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tún fajú ro.

"Kábíyèsí, mo ti gbọ́. Àmọ́ mo ti ka ìwé náà ní àkàtúnkà. Wọ́n gun odi fún obìnrin yẹn. Ta ló gun nǹkan kan fún èmi rí, ìbáà ṣe àga? Mi ò tíì padà sílé."

Kábíyèsí mi orí.

"Ìwé tó ti dé ọwọ́ ayé kò ṣeé gbà padà. Bí ìwé ò bá lè bá òtítọ́ mu mọ́, òtítọ́ ni yóò bá ìwé mu. Bàbá Ọlọ́dà, gun odi ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ. Òǹkọ̀wé, ìwọ ni àkàsọ̀. Wọ́dà, máa fẹnu yìnbọn. Ìyàwó, orin di ọwọ́ rẹ."

Nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ló tú jáde. Wọ́dà ń ké gbò! gbò! Òǹkọ̀wé ń kérora, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, etí mi lẹ tẹ̀ yẹn!" Ìyàwó ń kọrin lókè odi, orin náà kò sì dùn rárá. Bàbá Ọlọ́dà dijú, ó na ọwọ́ sókè, ọwọ́ rírọ̀ kan sì gbá a mú.

"Olówó orí mi," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ lajú. Èmi ni kí ẹ máa wò."