Ìyá Ìbejì Gbèjà Kẹ́hìndé Nínú Géèmù

Mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi búra: bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí n má fi wọ́n jẹ ẹran mọ́. Ejiro onígéèmù, ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù ìjà kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìdíje ní aago méjì ọ̀sán. Ó ku ìdajì wákàtí ni Tàwàkálítù aránṣọ já wọlé. Òun ni ìyá àwọn ìbejì tí Ejiro fi àwòrán wọn ṣe oníjà méjì nínú géèmù náà.

"Ejiro! Wọ́n ní o fẹ́ yọ Kẹ́hìndé mi?"

"Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó ná. Oníjà mẹ́jọ ni wọ́n ní ká mú wá, mẹ́sàn-án ni mo ní. Ìpá tí Táyé ń ta náà ni Kẹ́hìndé ń ta. Ẹni méjì tó ń ja ìjà kan ṣoṣo, àyè ni wọ́n kàn ń gbà."

"Mo ti sọ fún gbogbo Boundary! Táyé á wà nínú géèmù, Kẹ́hìndé á máa wò ó láti ìta? Ta lo rí tó ra bàtà fún ọ̀kan nínú ìbejì?"

"Géèmù nìyí, kì í ṣe bàtà. Èmi mọ iṣẹ́ yìí."

"Àwọn trélà Creek Road ò jọra? Ta ló ní kí ọ̀kan máa lọ sílé?"

"Trélà kì í jà."

"O ò tíì débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń du ẹnu ọ̀nà pọ́ọ̀tù."

Ejiro fa páàdì méjì tí wọ́n fi ń gbá géèmù yọ.

"Abẹ́g, ẹ mú Kẹ́hìndé, èmi á mú Táyé. Ẹ ó rí i pé èèyàn kan náà ni wọ́n. Bọ́tìnnì pupa ni ìpá. Mi ò ní í ṣe yín níkà."

Tàwàkálítù tẹ pupa. Ejiro yára fi ọwọ́ Táyé bojú. Ìpá kò dé. Ejiro ṣí ọwọ́ kúrò lójú. Ìpá dé. Táyé balẹ̀ gbì!

"Ọ̀gá onígéèmù, ṣé ìwọ ló balẹ̀ yẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbá!"

Wọ́n tún un gbá, ó tún balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Tàwàkálítù fò sókè pẹ̀lú ayọ̀, ó bà sórí àga ike, ẹsẹ̀ àga kán.

"Ó ti yé mi," ni Ejiro wí, ó ń họrí. "Táyé ni mo dà kọ tí mo fi ṣe Kẹ́hìndé. Àdàkọ yẹn ló ń falẹ̀. Àṣìṣe ni. Mo ti ń wá ojútùú ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Àṣìṣe wo? Lọ́jọ́ tí mo bí wọn, Táyé ti ń ké, nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní ó ti parí. Ìgbà yẹn ni Kẹ́hìndé yọjú! Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń dé nìyẹn. Ó rán àbúrò ṣíwájú pé kó lọ wo ibẹ̀ wò."

"Ṣùgbọ́n ìpá kan náà ni..."

"Sùúrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Na true o. Ó dáa, àwọn méjèèjì á dúró. Ta ni kí n wá yọ?"

"Ta ni ọkùnrin tí àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn wíáháòsì yìí?"

"Èmi ni."

Tàwàkálítù wo kọ̀ǹpútà, ó wo Ejiro, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Yọ ọ́."

Ejiro mí kanlẹ̀, ó yọ ara rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó na ìka kó fi géèmù ránṣẹ́.

"Dúró! Ìdòwú ńkọ́?"

"Ìdòwú wo? Ìbejì nìkan lẹ bí!"

Tàwàkálítù gbọ́wọ́ lé ikùn. "Ó ku oṣù mẹ́rin."

"Ẹni tí wọn ò tíì bí! Báwo ni mo ṣe máa mọ bó ṣe ń jà?"

"Àná ló ta mí nípàá tí mo fi rán ọrùn bùbá oníbàárà pa. Ejiro, ìpá yẹn ò jọ ti ẹnikẹ́ni."

Ejiro sáré tẹ bọ́tìnnì, géèmù lọ, kí obìnrin náà tó rántí Àlàbá.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ àga yẹn nìkan ni kò kán. Ó kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu bá wọn kán an.