Sàréè Ọmọ Tó Ń Sùn

Àwọn aládùúgbò mi gbẹ́ sàréè fún ọmọ mi nígbà tó ń sùn, títí di òní kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Mo ti rí ọjọ́ púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi.

Àléfọ́ ló ń bá Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi jà láti kékeré. Tí ọyẹ́ bá ti dé Akanran báyìí, ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ á gbẹ bí èèpo igi, á sì máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Oògùn oríṣiríṣi ni wọ́n kọ fún wa ní ilé ìwòsàn ìtòsí. Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara kan nígboro Ìbàdàn ni mo tó gbọ́ pé kí n máa wẹ̀ ẹ́ ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n fi ìpara tó kọ fún wa kùn ún, kí n fi aṣọ òwú tútù wé e, kí n sì wé gbígbẹ lé e. Kò bá mi sọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ. Funfun ni mo ní nílé.

Inú yàrá wa tó ṣókùnkùn la ti ń ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn oòrùn mú, mo bá tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wíwé láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ara tù ú, ó fa etí aṣọ bojú nítorí eṣinṣin, ó sùn lọ. Mo gbé ike, mo bọ́ sídìí ẹ̀rọ omi ilé kejì, èrò sì pọ̀ níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó kàn mí. Mùsùlùmí ni gbogbo wa ládùúgbò. Ó yẹ kí ẹni tó gboyè yunifásítì bíi tèmi mọ ohun tí ọmọ tí a wẹ̀, tí a fi aṣọ funfun wé, máa jọ. Mi ò rò ó débẹ̀.

Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ wọlé. Wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò pe orúkọ rẹ̀, wọ́n gbà pé ó ti kú, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Àfáà àtàwọn ará àdúgbò. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, èrò ti kún ilé. Lẹ́yìnkùlé, àwọn géńdé ti fa ẹ̀gẹ́ mi tu, ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta, wọ́n sì ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún.

Ìyá onílé gba ike lórí mi. "Rọ́jú, Ìyá Àmọ̀kẹ́. Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á."

"Kí ló gbà, Mà?"

"Ìpayà ló ń ṣe é," ni Àfáà àdúgbò wí. "Ẹ gbé àga fún un."

"Àfáà, ọmọ mi ń sùn ni."

"Gbogbo wa náà la máa sùn, ìyá ọmọ."

Bí mo ṣe fẹ́ fèsì ni Àmọ̀kẹ́ dìde jókòó nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Mọ́mì, ta ló ń pariwo?"

Àfáà ló kọ́kọ́ dé títì. Géńdé kan kó sínú kòtò tó ń gbẹ́. Ìyá onílé nìkan ló dúró, bóyá nítorí pé orúnkún ń dùn wọ́n.

Mo tú aṣọ náà níṣojú wọn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì bà á lára fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wé e. Ibi tó pọ́n, tó sán, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ti tutù, ó ti rọ̀, ó ń dán bí ara ọmọ tuntun. Ìyá onílé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún kàn án.

"Sùbúhánàlláhì. Omi lásán?"

"Omi àti ìpara, Mà."

Àwa méjèèjì ń wò ó. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, kò họra.

Aṣọ òwú aláwọ̀ ewé ni mo fi ń wé e báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ẹ̀rín sì máa ń pa mí tí mo bá ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ oògùn fún wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: omi, ìpara, aṣọ òwú, èwo ló wọ́n yín níbẹ̀? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí ọmọ mi họra títí ó fi tó ilé ìwé lọ kí ẹnikẹ́ni tó là mí lóye? Ẹ dá mi lóhùn.