Ẹ̀sùn Adìẹ Ò Jẹ́ Kí Jeremáyà Lọ

Jeremáyà, ológbò Ìyá Bọ́látitó, ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nílé wọn ní Ìrẹ̀mọ. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí kò fẹnu kan oúnjẹ, kò sì kú. Lọ́jọ́ karùn-ún, bí wọ́n ṣe kírun ọ̀sán tán, ìyá náà ránṣẹ́ sí Àlàájì Abdulwaheed, aládùúgbò tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ògiri, pé bó bá wà lórí ìjókòó kó dìde, bó bá wà lórí ìdúró kó máa bọ̀.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Bọ́lá. Mo rò pé ilé ń jó ni."

"Ilé ò jó, Àlàájì. Ẹ jókòó. Rárá, kì í ṣe orí àga yẹn. Àga onílé ni."

"Onílé wo tún ni, lẹ́yìn ẹ̀yin?"

"Jeremáyà."

Àlàájì wo àga onítìmùtìmù tí ológbò nà gbalaja sí lórí ìró àǹkárá, ó wo àpótí tí wọ́n fi lọ òun, ó fìdí lé àpótí.

"Àlàájì, bí àgbàlagbà bá ń pọ̀kàkà ikú, tí ikú ò sì mú un, kí là ń ṣe nílùú yìí?"

"À ń bi í pé ta ló ń dúró dè."

"Mo ti bi í."

"Kí ló wí?"

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo pe gbogbo ọmọ. Bọ́látitó kí i láti Ìbàdàn. Oyèkúnlé tó rà á ní Sábó nígbà tó wà nílé ìwé, tó ti bímọ mẹ́ta báyìí, fojú hàn nínú fóònù láti Kánádà, ó sunkún bí ọmọdé. Jeremáyà wò ó, ó yán, ó yíjú padà. Ògiri yín ló kọjú sí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ògiri yín ló ń wò!"

"Adìẹ ló ń wò."

"Ìjà yín ló ń dà á láàmú. Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Ẹ dárí jì í, Àlàájì, kó lè lọ. Ara ń ni ín. Mi ò lè máa jókòó tì í báyìí."

Ohùn rẹ̀ fẹ́ já. Ó fi ikọ́ dì í.

"Kí n dárí ji ta ni? Àgbébọ̀ mi funfun dà? Ó jẹ ẹ́. Òròmọdìẹ mẹ́fà tó pa lọ́sẹ̀ kan dà? Ó jẹ wọ́n. Àkùkọ mi pupa ńkọ́, tó máa ń kọ kí ladani tó jí?"

Ikọ́ tó gbé Ìyá Bọ́látitó lẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe ti ẹkún. Ó wú u títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kí n bu omi wá?"

"Eruku ni. Ẹ má jẹ́ ká máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí Ọlọ́run bá ní òun fẹ́ ka tiwa, níbo la fẹ́ sá gbà?"

"Kó bẹ̀ mí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣẹni ló ń bẹni. Kó dọ̀bálẹ̀."

"Àlàájì, ó ti dọ̀bálẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú!"

"Ìyẹn kì í ṣe ti àpọ́nlé. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ìyá Bọ́látitó gbé ìró sókè díẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Àlàájì fò dìde lórí àpótí bí ẹni tí iná jó.

"Súbúhánà-Lọ́ọ̀hù! Ẹ dìde! Odidi ìyá àgbà bí ẹ̀yin! Kí ará àdúgbò má wọlé bá wa báyìí!"

"Ẹ sọ pé ẹ dárí jì í, mo dìde."

"Mi ò ní sọ ọ́."

"Ìkà ni yín."

"Mo gbà."

"Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mo bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa. Mi ò sì ní sọ ọ́."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá náà wà tó fi rí i pé imú Jeremáyà ń mì pẹ́pẹ́, ọ̀nà àpò Àlàájì ló sì na imú náà sí. Òun náà fa imú.

"Àlàájì, kí ló ń rùn nínú àpò yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Àlàájì."

"Oògùn ẹ̀yìn ríro ni."

"Oògùn wo ló lójú? Òun ló ń wò mí yẹn!"

Ó na ọwọ́, ó fa ọ̀rá kan jáde, orí ẹja àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bíbọ̀, tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ kúrò fún ẹni tí kò léyín mọ́. Àlàájì ń wo òkè àjà.

"Ẹ̀yin lẹ ń fún un lẹ́ja?"

"Láàárọ̀ nìkan."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Ìyá Fàrídà, ìyàwó mi, ti kú. Èèyàn ò lè máa dá jẹun láti àárọ̀ dalẹ́, Ìyá Bọ́lá. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á bẹ́ sílẹ̀ lórí ògiri, á jókòó níwájú mi. Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Nínú ààwẹ̀ pàápàá, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ sààrì."

"Ẹni tí ẹ ń fi igi lé lójoojúmọ́! Tí ẹ ń pè ní olè létí gbogbo Ìrẹ̀mọ!"

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó ń sin adìẹ ló ń bọ́ ológbò?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dárí jì í?"

Àlàájì rọra jókòó padà.

"Nítorí pé bí mo bá ti sọ ọ́, yóò lọ."

Ìyá Bọ́látitó wá fara ti ẹsẹ̀ àga.

"Ṣé ẹ rò pé ó wù mí kó lọ ni? Òun ló jókòó tì mí lóru ọjọ́ tí mo dopó. Òun ló kù nílé lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ìhà rẹ̀. Bí a bá tún ní kó dúró, nítorí tiwa ni, Àlàájì."

Àlàájì fọwọ́ kàn án. Ó tètè ká ọwọ́ kúrò. Ó gbé orí ẹja sí i nímú, ó wúkọ́.

"Jeremáyà. Èmi Abdulwaheed, mo dárí jì ọ́. Ti àgbébọ̀, ti òròmọdìẹ, ti àkùkọ, pátápátá. Máa lọ ní àlàáfíà."

Àwọn méjèèjì di ojú. Nígbà tí wọ́n là á, Jeremáyà ti gbé orí sókè, ó ti kúrò lọ́rọ̀ ògiri. Ìyá Bọ́látitó ló tẹjú mọ́.

"Kò lọ."

"Mo rí i, Àlàájì."

"Ẹ̀yin ló ń wò."

"Ó mọ̀ mí ni."

"Rárá o. Ojú tó ń wò yín yẹn, ojú ẹlẹ́rìí ni. Kí ló wà láàárín yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

Jeremáyà ké, "Nyàú."

"Ó ní ó wà."

"Àlàájì, gbogbo ìsọjí ni mò ń lọ o!"

"Ìyẹn kọ́ ló bi yín."

Òógùn bo Ìyá Bọ́látitó níwájú orí. Ó tú gèlè, ó tún un wé, ó tún tú u.

"Àkùkọ pupa yẹn."

"Tó jẹ."

"Kò jẹ ẹ́."

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Ọjọ́ tí Àjíǹde ku ọ̀la ni. Ó lé e kọjá ògiri wọ ilé ìdáná mi, kò fi eyín kàn án. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mi ò tíì rí ẹran rà. Mo ní bí Olúwa ṣe pèsè àgbò fún Ábúráhámù nìyí. Mo bá… mo bá tilẹ̀kùn."

"Ìyá Bọ́lá! Àgbò aládùúgbò kọ́ ni Ábúráhámù pa!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọdún márùn-ún bú ológbò!"

"Mo mọ̀. Ẹ dárí jì mí." Ó gbé orí ológbò lé àtẹ́lẹwọ́. "Jeremáyà, ìwọ náà, dárí jì mí. Èmi ni, kì í ṣe ìwọ. O kú ìtọ́jú mi. Ó dàbọ̀, bàbá mi."

Jeremáyà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, kò sì tún mí mọ́.

Àlàájì fa etí ìró bò ó. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sunkún, ẹnì kan lórí àpótí, ẹnì kan nílẹ̀. Nígbà tó yá, Àlàájì gbé ojú sókè.

"Ìyá Bọ́lá."

"Àlàájì."

"Ọjọ́ Àjíǹde yẹn, ẹ gbé abọ́ kan wá fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Itan méjèèjì ló wà nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo jẹ àkùkọ mi tán, mo lá ọwọ́, mo gbé ọwọ́ náà sókè, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú ẹ̀ wọ́n nílé yín!"

Ìyá Bọ́látitó fi etí gèlè nu imú.

"Àdúrà yín máa ń gbà o, Àlàájì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Jeremáyà fi tún lé òmíràn wọlé."