Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo Fi Ojú Ya Ọmọ Sọ́tọ̀

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo Gwang-sik bá fún yín ní káàdì rẹ̀, ẹ wá ìjókòó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oyè ti kún ojú kan, ó sì ti ṣàn sẹ́yìn. Ó fún èmi náà ní ọ̀kan, èmi alásè ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé Maerim. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi kan tó ń mì ni mo fi í sí, tábìlì náà kò sì mì mọ́. Ẹ ò rí i pé oyè wúlò?

Pyo ọmọ ìwé! Pyo a-ka-ọmọ-bí-ẹni-ka-aáyù! Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní damunhwa níbi tiwa, ìyẹn àwọn tí ìyá wọn wá láti Vietnam tàbí Cambodia tàbí ibòmíràn tó jìnnà, tó wá fẹ́ ọkọ níbí. Ó ní ìwádìí òun ní ẹsẹ̀ méjì: ìṣirò ni ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ fúnra wọn ni ẹsẹ̀ òsì.

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni àwọn tó kù," ló máa ń wí. "Wọ́n ń tiro. Èmi ń rìn."

Ibi tó ń rìn lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ti sọ fún olórí ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé àwọn ọmọ damunhwa ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ó ní kí bọ́ọ̀sì máa kó wọn lọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀ nígboro lójoojúmọ́, nínú ibùdó tuntun kan. Ó ti yan orúkọ ibùdó náà pàápàá: Ibùdó Pyo. Bí olórí ètò ẹ̀kọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé, ọjọ́ Ajé ni bọ́ọ̀sì máa dé.

Ọkàn Duyen kò balẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún tí Duyen ti Vietnam dé abúlé wa, òun sì ni olórí abúlé báyìí, tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn jí wa láàárọ̀ pé òjò ń bọ̀, ká lọ kó ata wa nílẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni Da-on ọmọbìnrin rẹ̀ wà.

"Ìyá alásè," ó wí fún mi, "bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀sì ya ọmọ mi sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa jókòó tì í mọ́? Orúkọ yẹn á bá a dé ilé ọkọ."

Ṣùgbọ́n inú Màmá Ok-bun dùn ní tirẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbà abúlé wa, òun ló sì bí alága ìjọba ìbílẹ̀. "Kí wọ́n kó wọn lọ, jàre!" ó wí. "Àwọn ni kò jẹ́ kí Tae-o tèmi rọ́wọ́ mú." Tae-o ni ọmọ ọmọ rẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó fi ń ríran.

Nígbà tí Pyo dé ilé-ìwé wa, ọ̀gá ilé-ìwé kò fún un ní orúkọ àwọn ọmọ náà. Ó ní òfin kò gbà á, àfi bí àwọn òbí bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣé Pyo ló máa dúró de òbí? Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, ìwé ìbéèrè aláwọ̀ ìyeyè lọ́wọ́ ọ̀tún, funfun lọ́wọ́ òsì. Bí ọmọ kan bá ti gbé àwo kọjá, á wò ó lójú fín-ín-fín, á na ìwé kan sí i, ẹni tó bá a wá á sì ya fọ́tò ọmọ náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni àwọ̀ méjèèjì wà fún?" mo bi í, ìgbákọ lọ́wọ́ mi.

"Ìyeyè ni ti damunhwa. Funfun ni ti àwọn ọmọ wa."

"Ta ló wá sọ fún yín pé èyí ni damunhwa, èyí kọ́?"

"Màmá, ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo kàn máa ń wò wọ́n ni. Ẹ wo eléyìí! Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí n bi í léèrè?"

Tae-o ló ń na ìwé ìyeyè sí. Tae-o tí kì í kúrò lórí pápá bọ́ọ̀lù títí oòrùn á fi wọ̀! Oòrùn ti sun ọmọ náà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò mi. Da-on tó tẹ̀ lé e pọ́n bí ìyá rẹ̀. Funfun ni wọ́n fún un.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní..."

"Ṣé mo bá yín dá sí iyọ̀ ọbẹ̀ yín ni? Ẹ máa bu ọbẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ ṣiṣẹ́."

Mo bu ọbẹ̀ mi. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Nígbà tí mo ròyìn fún Duyen, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ. "Ta ló máa gbà wá gbọ́?" ó ní. "Àjòjì kan àti alásè kan, lójú ọ̀jọ̀gbọ́n? Ká dúró de ọjọ́ ìpàdé tí Pyo máa fi ìwádìí rẹ̀ hàn. Tí wọ́n bá ní kí a béèrè ọ̀rọ̀, màá béèrè."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ kún fọ́fọ́. Olórí ètò ẹ̀kọ́ wà níwájú, bírò lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá Ok-bun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a lọ́ ká. Pyo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó ní nínú ọmọ méjìlá tó gba ìwé ìyeyè, mẹ́wàá ni kò lè tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ kíláàsì. Ó fi àtẹ hàn, ó fi òpó pupa àti òpó búlúù hàn. Ìgbà mẹ́ta ni Duyen nawọ́ sókè. Ìgbà mẹ́ta ni atọ́kùn ètò ní kò sí àyè ìbéèrè lónìí, pé ká gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, ká sì fọwọ́ sí ìwé.

Mo gbọ́ bí Duyen ṣe mí kanlẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ tiwa," ni Pyo wí, ó sì kà á sókè: "'Ìyá mi máa ń kàwé sí mi létí lálaalẹ́ kí n tó sùn.' Áà! Ìyá tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa pọ́ńbélé nìkan ló lè tọ́ ọmọ báyìí!" Ó gbé fọ́tò sójú ògiri. Wọ́n fi ìlà dúdú bo ojú ọmọ náà, àmọ́ ta ni kò mọ Da-on? Duyen já mi léèékánná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fò sókè.

"Ẹ wá gbọ́ ọmọ damunhwa báyìí: 'Nílé wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kì í yé mi. Wọ́n kàn máa ń pariwo mọ́ mi ni.'"

Màmá Ok-bun pàtẹ́wọ́ àánú. "Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ! Irú ilé játijàti wo nìyẹn? Kò yẹ kí wọ́n fi ewúrẹ́ sílẹ̀ fún irú wọn, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ!"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọmọ náà rèé."

Ìlà dúdú bo ojú. Ṣùgbọ́n eyín méjì tó ká níwájú wà níbẹ̀, àpá àgbọ̀n wà níbẹ̀, èyí tó gbà nígbà tó jábọ́ látorí igi ẹ̀yìnkùlé Màmá Ok-bun.

"Ṣé kì í ṣe Tae-o nìyẹn?" ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Màmá Ok-bun dìde díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ ta lo pè ní damunhwa?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò mọ ibi tí ìyàwó ọmọ yín ti wá gan-an..."

"Gwangju, nílẹ̀ wa níbí, ló ti wá! Èmi ni mo lọ tọrọ rẹ̀!"

"Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èdè àjòjì tí wọ́n ń sọ nílé..."

"Èmi ni mò ń sọ ọ́!"

Ẹ̀rín bú. Òótọ́ ni màmá náà sọ. Bí inú bá ti bí i, èdè àwọn ará òkè ayé àtijọ́ ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ogójì ọdún tí mo sì ti ń bá a gbé àdúgbò, ìdajì rẹ̀ kò tíì yé mi.

Ìgbà yẹn ni Duyen dìde láìgbàyè. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ oríyìn. Ìyá tó ń kàwé yẹn, èmi rèé. Ẹ̀yin ìyá tó ti òkèèrè wá bíi tèmi, tí ọmọ yín gba ìwé funfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Pẹ̀lú òun, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án. Pyo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wo ojú ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà mi.

Duyen kọjú sí olórí ètò ẹ̀kọ́. "Ọ̀gá, wọ́n ní ẹni tó gba ìyeyè ló máa wọ bọ́ọ̀sì. Ṣé ká fi Tae-o sí ìjókòó iwájú?"

"Ọmọ kankan ò ní wọ bọ́ọ̀sì!" Màmá Ok-bun ké. "Ọmọ kankan ní Maerim!"

Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré sẹ́yìn, òun náà ló ní kí wọ́n kó wọn lọ, jàre. Mo fẹ́ rán an létí níwájú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti rántí. Kò lè wo Duyen.

Olórí ètò ẹ̀kọ́ dé bírò rẹ̀, ó sì rọra ti ìwé padà síwájú Pyo láìfọwọ́ sí i. "Kò sí bọ́ọ̀sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ibùdó."

Níbi tiwa, ìpàdé kì í parí láìya fọ́tò lábẹ́ aṣọ àkọlé. Kódà, àwọn tó jà nípàdé á dúró, wọ́n á di ìkúùkù sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ni Pyo bá gun pèpéle, ó dúró sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba, ó la ọwọ́ méjèèjì. "Ó dáa, ẹ wá, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò!"

Àwọn ìyá gun òkè lọ lóòótọ́, onífunfun àti oníyeyè. Màmá Ok-bun ló gbẹ̀yìn. Ó dúró ti Duyen, ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Duyen gbà á.

Ayafọ́tò gbé ẹ̀rọ sójú, ó tún gbé e kúrò. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí àwọn ìyá."

Pyo sún.

"Ẹ tún sún, sà. Èjìká yín ṣì ń hàn."