Bàbá Ńlá Tí Ìran-Ńlá Rí Ní Itẹ́ Òkú

Ẹ bá mi kí Ìran-Ńlá, a-fi-òkú-yangàn, ẹni tí kì í dáhùn ìkíni aládùúgbò ṣùgbọ́n tó ń dọ̀bálẹ̀ fún sàréè! Páànù ìkọ́lé ló ń tà. Bí o bá bi í bí ọjà ṣe ń lọ sí, á ní, "Ìran wa kì í ṣe ìran ọjà."

Wọ́n la ọ̀nà tuntun sí ìlú wa. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ fi orúkọ agbẹ̀bí àgbà pè é, ìyá tó gbẹ̀bí ìdajì wa. Ìran-Ńlá fárígá. Ó ní bàbá ńlá òun ló tẹ ibẹ̀ dó, òun á sì mú ẹ̀rí wá. Kí ẹ̀rí tó dé, ó ti kun orúkọ ìdílé rẹ̀ sára pátákó ọ̀nà sílẹ̀.

Ó gba itẹ́ òkú ìlú lọ. Akọ̀wé ibẹ̀, obìnrin onísùúrù kan, gbé ìwé àkọsílẹ̀ òkú jáde, ìwé gbàǹgbà tí ìkán ti jẹ etí rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé, sà. Òkúta nìkan kì í sọ ọ́ tán."

"Èmi? Kí n máa tú ìwé eléruku? Ẹ̀jẹ̀ á mọ ẹ̀jẹ̀!"

Ni ẹ̀jẹ̀ bá mú un lọ tààrà sídìí sàréè tó tóbi jù, tí áńgẹ́lì olókùúta méjì ń ṣọ́. Igun òkúta náà ti kán, ọdún ìbí ti bá a lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé tó wà níbẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ó ya fọ́tò, ó sunkún, ó tún ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Agbẹ̀bí àgbà jókòó níwájú. Inú ń bí mi sí Ìran-Ńlá nítorí rẹ̀.

"Bàbá bàbá mi rèé!" Ìran-Ńlá na fọ́tò sókè. "Àádọ́rùn-ún ọdún, ìyàwó méje! Mo ṣì rántí bó ṣe máa ń gbé mi lé itan."

Alága ní kí akọ̀wé ka ìwé. Obìnrin náà wọ awò ojú rẹ̀.

"Sàréè áńgẹ́lì méjì yìí: ìlà kìíní, sàréè kejì. Ọmọ oníṣòwò kan tó ń gba ìlú kọjá. Ọmọ ọdún méje. Ibà ló pa á."

Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn: "Ọmọ ọdún méje, ìyàwó méje! Ṣé ọdọọdún ló ń gbéyàwó ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé kúrò.

"Ó kù," ni akọ̀wé wí. "Orúkọ ẹni tó gbẹ́ sàréè náà wà níbí, pẹ̀lú ìtẹ̀ka rẹ̀." Ó ka orúkọ náà ketekete. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

Òógùn bo Ìran-Ńlá. "Agbẹ́sàréè? Irú wọn kò sí nínú ìdílé wa."

Arúgbó obìnrin kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ìran-Ńlá ni.

"Irú ta ni kò sí? Bàbá tó bí mi lò ń pè bẹ́ẹ̀! Ṣọ́bìrì tó fi ń gbẹ́ sàréè ló rán bàbá rẹ nílé ìwé!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"N kò jókòó!" Ó rìn lọ síwájú, ó fi ìka kan ìtẹ̀ka náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá mi, wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀."

Agbẹ̀bí àgbà rọra dìde, ó dì í mú. "Ẹ jẹ́ ká dìde fún bàbá yìí. Èmi ń gbẹ̀bí, òun ló ń gbẹ́ sàréè nígbà ayé rẹ̀; ohun tí mo bẹ̀rẹ̀, òun ló bá wa parí."

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ìran-Ńlá nìkan ló jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni màmá náà wí. "Dìde fún bàbá bàbá rẹ."

Ó dìde.